Ajá Tó Ń Retí Ọ̀gá Rẹ̀

Nígbà tí mo mú ọmọ ajá kan lọ fún màámi ní Isuada, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, àbúrò mi ní kí á sọ ọ́ ní Hachi, orúkọ ajá Jàpáànù kan.

Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ajá sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ sọ lójú aládùúgbò. Bí o bá ké pe Tanímọ̀la, ẹni tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ti gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èdè Jàpáànù, mẹ́jọ lásán ni hachi. Ìwà ajá náà ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburo Ueno ló ni ín, ibùdó rélùwéè Shibuya ní Tokyo ló sì ti máa ń pàdé rẹ̀. Ueno kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925. Hachi kò yé lọ retí rẹ̀ níbẹ̀ títí òun náà fi kú ní oṣù Kẹta ọdún 1935. Wọ́n ti rọ ère rẹ̀ síbẹ̀ láti 1934.

Màámi gbọ́ ìtàn náà tán, wọ́n dákẹ́. Bàbá wa kò tíì pé ọdún méjì tó kú.

“Ajá tí yóò máa retí òkú kọ́ ni mo fẹ́.”

Wọ́n sọ ọ́ ní Dúródèmí. Bí wọ́n bá ń lọ sóko, wọ́n á pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dé, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.