Agolo Epo Olówó Pọ́ọ́kú: Bí Àwọn Ọmọ Ogun Òyìnbó Ṣe Da Bẹntiróòlù Nù Nínú Aṣálẹ̀

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ti bi mí tó ìgbà mélòó kan báyìí: "Ọ̀gá, agolo onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà yìí, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí kò wọ́n, ṣé ó dáa láti fi ra bẹntiróòlù?" Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tó ń ra epo bí ẹni ń pọn omi mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lọ gààrí, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé igi, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbé epo láti ilé-epo dé oko, lórí ọ̀kadà, lójú ọ̀nà tí ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí.

Ìdáhùn mi ni pé iye tí ẹ ra agolo nìkan kọ́ ló ń ná yín. Ohun tó bá ń jò jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦1,000, tí agolo lítà 20 sì jo ìdá 30 nínú 100 nù, ₦6,000 ti wọlẹ̀ nìyẹn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má rò pé mo kàn mú 30 yẹn láti inú orí mi o. Ó ní ibi tó ti wá, ìtàn ogun Hitler ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀ ká tó dé ibi bí a ṣe ń dán agolo wò.

Ilé la ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ garawa. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti mú orúkọ yẹn, garwa ni àwọn ń pè é. Láyé ìjọba òyìnbó, inú agolo onígun mẹ́rin ni kẹrosíìnì máa ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Agolo kan ń gba gálọ́ọ̀nù 4, ìyẹn bíi lítà 18, méjì sì máa ń wà nínú àpótí pákó kan. Tí wọ́n bá lo kẹrosíìnì tán, ta ni yóò ju agolo nù? Òun ni wọ́n fi ń pọn omi, òun ni wọ́n fi ń wọn epo pupa, àwọn tó ń fi páànù ṣiṣẹ́ sì ń gé e ṣe àtùpà. Garawa yẹn gbìyànjú fún kẹrosíìnì, torí kẹrosíìnì kì í yára fò lọ bíi bẹntiróòlù, àti pé bó bá ti délé, ojú kan ló ń jókòó sí.

Irú agolo yìí gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé fún bẹntiróòlù àwọn ọmọ ogun wọn. Wọ́n ní òmíràn tó lágbára, tó ń gba gálọ́ọ̀nù 2, ṣùgbọ́n owó pọ̀ lórí ṣíṣe rẹ̀. Èyí tó ń gba gálọ́ọ̀nù 4, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Wọ́n ká etí rẹ̀ pọ̀ tàbí kí wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ń lò ó kí wọ́n tó jù ú nù. Lórí ìwé, owó tí wọ́n máa tọ́jú dùn ún kà. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní flimsy, nǹkan jákujàku.

Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà, ibẹ̀ ni àṣírí agolo ti tú. Ojú ọ̀nà kò sí níbẹ̀, òkúta àti yanrìn ni. Ọkọ̀ ń gbo agolo pọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, oríkèé tí wọ́n ká pọ̀ yẹn á là. Ìṣó àpótí pákó á gún òmíràn. Tí wọ́n bá to ó léra, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Oòrùn sì ń wú u látinú. Ọ̀gágun Auchinleck, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ láti oṣù keje 1941 títí di oṣù kẹjọ 1942, fojú bù ú pé ìdá 30 nínú 100 bẹntiróòlù ni kì í dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Ẹ rò ó wò: agolo 10 kúrò ní ibùdó, 3 ti ṣòfò sọ́nà. Ọkọ̀ tó gbé e náà sì ń mu epo tirẹ̀ lọ, ó ń mu ún bọ̀.

Òfò owó nìkan kọ́. Epo tó jò sínú ọkọ̀ ń dúró síbẹ̀ ni. Nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó agolo yìí sí, èéfín bẹntiróòlù á kún ibẹ̀ bámúbámú, iná ṣáná kan ti tó. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ogun yìn agolo náà fún ni pé wọ́n lè gé e sí méjì, kí wọ́n da yanrìn sínú rẹ̀, kí wọ́n bu bẹntiróòlù sí yanrìn náà, kí wọ́n fi se tíì. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò lóko o.)

Àwọn bàbá tiwa náà wà nínú ogun yẹn, kì í ṣe Bọ́ọ̀má nìkan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Mogadishu ní Sòmálíà, wọ́n sì bá bẹntiróòlù púpọ̀ tí àwọn ará Ítálì fi sílẹ̀ sá lọ. Epo yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè sáré tó ju kìlómítà 1,000 lọ, tí wọ́n fi gba Harar ní Etiópíà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta. Ká ní wọn ò rí epo yẹn ni, ó di kí wọ́n dúró de èyí tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀.

Àwọn Jámánì ní tiwọn ti ronú sí ọ̀rọ̀ agolo kí ogun tó dé. Ní ọdún 1937, ẹnjinníà kan tó ń jẹ́ Vinzenz Grünvogel, ní ilé-iṣẹ́ Müller ní ìlú Schwelm, ya agolo tó ń gba lítà 20. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa rèé. Irin méjì bí àwo ni wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n wá jó wọn pọ̀ lójú kan ṣoṣo, ojú tí wọ́n jó náà sì rì wọnú, kí nǹkan má baà máa gbá a. Ilà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àgbélébùú tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹwà: òun ló ń jẹ́ kí irin lè wú nínú oòrùn kó sì padà láì là. Ọwọ́ ìdìmú mẹ́ta ló ní, ẹnì kan lè gbé òfìfo méjì ní ọwọ́ kan, ẹni méjì sì lè jọ gbé èyí tó kún. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ́, ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pa. Ihò afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kí epo lè máa dà geere láìfọ́n ká. Wọ́n kun inú rẹ̀ kó má dípẹtà. Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lókè tí epo kì í dé, tí epo bá gbóná á ráyè wú, àní tí ẹ bá ju èyí tó kún sínú omi, ó máa léfòó.

Àṣírí ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1939, ará Amẹ́ríkà kan, Paul Pleiss, tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, fẹ́ wa mọ́tò lọ sí Íńdíà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Jámánì. Wọn ò ní ohun tí wọ́n máa fi gbé omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá lọ mú mẹ́ta lára agolo yìí ní pápákọ̀ òfuurufú Tempelhof. Bí agolo ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn o, nítorí omi mímu.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fẹ́ ṣe tirẹ̀, wọ́n mú títóbi rẹ̀, wọ́n mú ìrísí rẹ̀, wọ́n mú ìdìmú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ojú tí wọ́n jó pọ̀, wọ́n padà sí kíká etí páànù. Wọ́n yọ ọ̀dà inú. Wọ́n fi ìdérí tó nílò sípánà àti àrọ sí i. Ó ń jò. Èmi rò pé ohun tó wà lọ́jà wa lónìí nìyẹn gẹ́lẹ́: ẹni tó ṣe é mú ìrísí, ó fi ọgbọ́n inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, tí wọ́n ti ń rí agolo Jámánì gbà lójú ogun, wò ó fínnífínní, wọ́n ṣe é bó ṣe wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943, mílíọ̀nù 2 èyí tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì dé àríwá Áfíríkà. Jerry ni wọ́n máa ń pe ará Jámánì nínú ẹ̀fẹ̀, ibẹ̀ ni jerrycan ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe kẹ́ẹ̀gì oníke ní jẹ́ríkàn, orúkọ ogun lẹ̀ ń pè.

Ó ti tó, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà. Ẹ wo oríkèé agolo kẹ́ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Tí wọ́n bá jó o pọ̀ láìdá ojú kankan sí, ó sàn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ká a ni, tàbí wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́, ẹ ti mọ ibi tó máa ti là. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò: èyí tó bá ń ró "páká páká" tó ń wọnú tó ń jáde, páànù rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wo abẹ́ ìdérí bóyá rọ́bà wà níbẹ̀.

Omi lẹ máa fi dán an wò, kì í ṣe epo. Ẹ rọ omi kún un, ẹ dé e, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kẹ́ẹ dojú rẹ̀ dé orí páálí gbígbẹ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Páálí ò ní parọ́ fún yín, ibi tó bá tutù ni ó ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ ọ̀kadà pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, kẹ́ẹ gbé e lọ sóko kẹ́ẹ gbé e bọ̀. Ìgbà yẹn lẹ tún gbé e sórí páálí lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ agolo máa ń yege lálẹ́ àkọ́kọ́, gbígbo ojú ọ̀nà ló ń tú u fó. Ẹ lè jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí pẹ̀lú omi tó kún, kẹ́ẹ wo etí rẹ̀. Tí olùtajà ò bá gbà kẹ́ẹ dán an wò kẹ́ẹ tó sanwó tán, èmi ò ní rà á.

Tó bá yege, ẹ sá a gbẹ dáadáa, omi tó kù nísàlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà, òun náà ló sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Nílé-epo, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i, kì í ṣe lórí ọ̀kadà, torí iná mànàmáná kékeré tí ojú ò rí lè tàn láàrin agolo àti ẹnu páìpù. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Ẹ má fi agolo tàbí kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòríko ti gbé inú rẹ̀ rí ṣe iṣẹ́ yìí.

Èyí tó bá ti gbé bẹntiróòlù rí tó wá ń jò, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, èéfín tó fara pamọ́ sínú oríkèé rẹ̀ lè bú gbàmù lójú ẹni tó ń jó o. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níta gbangba, jìnnà sí iná àti sí àwọn ọmọdé, kẹ́ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kẹ́ẹ sì sọ fún wọn pé epo ló gbé rí.