Ìbànújẹ́ Inú Ohùn: Ohun tí Orin Schubert Kọ́ Mi



Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohùn Yorùbá kò ní ibi kan pàtó tó dúró sí. Ohùn òkè àgbà ọkùnrin lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé, síbẹ̀ ọkọ́ kò ní di ọkọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó yí ohùn ká ni etí fi ń dá a mọ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ayọ̀ àti ìbànújẹ́ inú orin, àfi ìgbà tí mo jókòó ti iṣẹ́ kan tí Franz Schubert kọ ní Vienna ní ọdún 1824.

Violin méjì, viola kan àti cello kan ni a fi ń lù ú. “Ikú àti Omidan” ni wọ́n ń pè é, nítorí pé orin tí Schubert fi ewì Matthias Claudius kọ ní ọdún 1817 ló tún lò ní apá kejì rẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ní oṣù Kẹta ọdún 1824, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Leopold Kupelwieser, pé ara òun kò ní le mọ́.

D minor ni ìpìlẹ̀ ohùn iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ̀ pé do, mi, so ni òpó major. La, do, mi ni ti minor. Minor ni apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iṣẹ́ yìí. Christian Schubart, ará Jámánì, ti fún ìpìlẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, bí ẹni ń ki oríkì, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1806 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìbànújẹ́ obìnrin ló fún D minor.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Okùn G, D àti A wà lára ohun èlò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn tí a kò fi ìka tẹ̀ a sì máa dún gbooro. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì, tó wà ní G minor. Ọ̀nà márùn-ún ni Schubert gbà yí orin náà padà. Ìkẹrin bọ́ sí G major, ara sì tù wá. Nígbà tí minor padà dé, ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. G major ni apá náà parí sí, àmọ́ létí mi, kì í ṣe ayọ̀: oorun tí Ikú ṣèlérí fún omidan ni. Nígbà tí apá ìkẹyìn fẹ́ parí, D major yọ bí ìdáǹdè. Kò pẹ́ tí D minor fi já a gbà padà.

Nítorí náà, major kan náà lè jẹ́ ìsinmi, ó lè jẹ́ ikú, ó sì lè jẹ́ ìrètí tó já sófo. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Schubert kú ní ọdún 1828, ní ọmọ ọdún 31. Ọdún 1831 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ gbọ́ orin náà, kí ẹ sì fetí sí ibi tí ẹkún ti ń ríran.