Búrẹ́dì Dé, Oko Lọ: Ìtàn Oúnjẹ Wa ní Festac

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí wo ìtàn àdúgbò wa.

Kí Festac tó di ìlú, ẹja pípa àti iṣẹ́ oko ni àwọn Àwórì Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin fi ń jẹun. Ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó wáyé láti 15 Oṣù Kìn-ín-ní sí 12 Oṣù Kejì, 1977.

Ní 1976, bí ilé wọ̀nyí ti ń ga, ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo dá ètò "Operation Feed the Nation" sílẹ̀, pé kí olúkúlùkù gbin oúnjẹ, ìbáà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ń wọlé. Àlìkámà òkè òkun kún èbúté, búrẹ́dì sì di oúnjẹ àárọ̀ tolówó-ttálákà.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí a máa gbin àlìkámà tiwa, wọ́n gbèrò láti fa omi Adágún Chad sí oko 67,000 hẹ́kítà ní Borno. Ọ̀dá àwọn ọdún 1980 dé, adágún náà fà sẹ́yìn, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ sì gbẹ. Ní 1985, Gunilla Andræ àti Björn Beckman kọ ìwé lórí búrẹ́dì Nàìjíríà; pàkúté ni wọ́n pe àlìkámà. Ní 1987, òfin de kíkó o wọlé. Búrẹ́dì wọ́n, àwọn onífàyàwọ́ jèrè, nígbà tó sì di 1992, wọ́n ká òfin náà kúrò.

Kí ni a rí kọ́? Ẹnu ló ń pàṣẹ fún oko. Òfin kò lè yí oko padà bí ẹnu kò bá yí padà. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, àlìkámà gbówó lórí káàkiri ayé, a sì mọ̀ ọ́n lára níbí.

Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà mọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀wà tilẹ̀ ń dá ọ̀rá padà sínú ilẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé sàráà ni ohun tí Mùsùlùmí bá gbìn tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ àti ẹ̀wà padà sórí tábìlì àárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbin ewédú sí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí sìmẹ́ńtì kò tíì bò.