Aṣojú Tí Ó Ní Ìlú, Tí Kò Ní Ilé Ìgbìmọ̀: Adégòkè Adélabù ní Ìbàdàn, 1951–1958

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kò bá pàdé nígbà tí ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀ẹ̀sì. Bí ẹjọ́ bá díjú, bí ìdílé bá dàrú, bí owó ẹgbẹ́ bá pòórá tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó gbà lọ, a ó ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀ẹ̀sì dé. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ ni pé Adégòkè Adélabù ni ó sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, pé ọ̀rọ̀ ti di “peculiar mess”, àti pé àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lọ sílé, tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Èmi kò bá Adélabù láyé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà kò mọ lẹ́tà kan nínú ábídí, ó sì ń lo ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé Odùduwà ni ó gbé e wá.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú ilé ìgbìmọ̀, ó sì wọ ọjà. Agbára Adélabù gba ọ̀nà kejì: inú ọjà àti agboolé ni ó ti jáde, ó ń wá ọ̀nà dé orí àga ìjọba, kò sì débẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ta èèyàn lára ni pé ilé ìgbìmọ̀ yìí kò jìnnà. Agodi ni ó wà, ní àárín Ìbàdàn gan-an. Ẹni tí ó lè fi ìkéde kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí Mápó kò lè kó iye aṣòfin tí ó tó láti fi ṣe ìjọba ní ilé tí ó wà nínú ìlú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni a bí i. Ó kàwé ní Kúdẹtì àti ní Mápó, lẹ́yìn náà ní Government College ti Ìbàdàn. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá ní 1936, kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ UAC. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ṣòwò, ó sì kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn. Kò sí ohun àrà nínú èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà pọ̀ tí wọ́n rìn ní ọ̀nà kan náà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ẹni tí ó fi ìwé náà sìn. Nígbà tí àwọn mọ́gàjí Ìbàdàn dìde sí Olóyè Sàlámì Àgbájé láàárín 1949 sí 1951, Adélabù wà lára àwọn tí ń bá wọn gbé ẹ̀hónú wọn sórí tákàdá. Kálàmù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí kò ní kálàmù. Bóyá ohun tí wọ́n ń jà fún tọ́ tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Mo rò pé Àgbájé jìyà nítorí ọrọ̀ rẹ̀ ju nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Adélabù ti mọ ilé àwọn mọ́gàjí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ti tẹ Ìbàdàn dó kò ní mọ ìtumọ̀ èyí. Ìlú àwọn ológun ni, tí wọ́n ti ibi gbogbo wá pàdé lẹ́yìn ogun, ní nǹkan bí 1829. A kì í joyè níbẹ̀ nítorí pé bàbá ẹni jọba. Ipele oyè ni à ń gùn díẹ̀díẹ̀, láti orí mọ́gàjí lọ sókè, iye ọmọ ogun tí ó wà lẹ́yìn ẹni ni ó sì ń sọ bí ẹni ti tó láyé àtijọ́. Nígbà tí ogun tán, ìwọ̀n náà kò tán. Adélabù kò jẹ oyè ogun kan, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ogun ni ó fi wo àwọn olùdìbò, ojú balógun ni wọ́n sì fi wò ó.

Ìdìbò 1951 ni ó gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀. Ìdìbò náà kì í ṣe tààrà: ará ìlú yan àwọn kan, àwọn yẹn ni ó tún yan aṣòfin. Àyè mẹ́fà ni ó jẹ́ ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, Ibadan People’s Party, tí Akínlóyè jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, márùn-ún nínú wọn ti darapọ̀ mọ́ Ọlọ́pẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun. Akínlóyè di mínísítà. Adélabù nìkan ni ó kù, òun sì dúró ti Alákùkọ, èyíinì ni NCNC.

Àṣà wa ní Ìbàdàn ni láti pe àwọn márùn-ún yìí ní ọ̀dàlẹ̀. N kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èrò wọn ni pé ẹni tí kò bá sí níbi tí a ti ń pín iṣu, èèpo ni yóò kàn án. Bí Ìbàdàn bá jókòó sí apá alátakò, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ owó àti ọ̀nà? Èrò tí ó ní làákàyè ni. Àmọ́ wọn kò padà lọ bi àwọn tí ó rán wọn. Ìyẹn ni Adélabù rí, ìyẹn ni ó sì fi ṣe ohun ìjà fún ọdún méje. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti yí padà ní Ìbàdàn: kì í ṣe ohun tí aṣojú mú bọ̀ wálé ni wọ́n ń bèèrè mọ́, bí kò ṣe ti ta ni ó ń ṣe.

Ẹ̀dùn ọkàn kò wọ́n ní ìlú nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó, tí ìjọba ń gé igi wọn lulẹ̀ nítorí àrùn, ti dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀. Àwọn ìlú Ọ̀ṣun ti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 gbé agbára lọ́wọ́ àwọn olóyè, ó fi í fún àwọn tí a dìbò yàn. Owó orí ń gòkè, nítorí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Adélabù kó gbogbo ìwọ̀nyí sábẹ́ agbòòrùn kan ní 1954, ó pè é ní Mábọlájẹ́, ó sì so ó mọ́ NCNC. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Má ba ọlá jẹ́: ọlá ta ni? Olóyè gbọ́ ọ bí ọlá oyè rẹ̀, àgbẹ̀ gbọ́ ọ bí ọlá oko rẹ̀, ará ìlú gbọ́ ọ bí ọlá Ìbàdàn lójú àwọn àjèjì. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó rí orúkọ tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ náà ni ó kọ Africa in Ebullition ní 1952, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé ń mí kanlẹ̀ bí ó bá ń kà á. Ahọ́n méjì ni ó ní, ó sì mọ ibi tí a ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní 1954 Mábọlájẹ́ gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabù di alága. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní 1955, ó ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìtọ́jú ará ìlú. Ẹsẹ̀ kan ní Èkó, ẹsẹ̀ kan ní Mápó. Mo gbà pé ibí yìí ni ó ti ṣìṣe. Alága tí ó tún jẹ́ mínísítà, tí ó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè nínú ilé. Nígbà tí ìbéèrè sì dé, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ó ti wá. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn pe Nicholson láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe ìwádìí. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956, ó dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi ìwà àbùkù, kò sì yọ alága rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká; Adélabù fi ipò mínísítà sílẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ní ọ̀tẹ̀ ni. Ó ní ọwọ́ òṣèlú nínú lóòótọ́, nítorí ìjọba tí ó pe ìwádìí náà mọ ẹni tí yóò kàn. Ṣùgbọ́n pé ọ̀tá ni ó tọ́ka sí àbààwọ́n kò sọ pé àbààwọ́n kò sí. N kò mọ ìdí tí a kò fi lè sọ méjèèjì pọ̀.

Bí ìwádìí bá pa á lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, kò pa á lójú ìlú. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1956, Ìwọ̀ Oòrùn dìbò, Ìbàdàn sì tún gbé e wọlé. Bí Alákùkọ bá borí, òun ni ìbá di Prẹ́míà. Ọlọ́pẹ mú 48 nínú àyè 80, Alákùkọ mú 32. Àlàfo mẹ́rìndínlógún ni ó dúró láàárín òun àti ìjọba, kò sì sí ohun tí ogunlọ́gọ̀ Ìbàdàn lè ṣe sí i, nítorí ìbò tí ó pọ̀ jù ní ìlú kan kò lè ṣàn lọ kún ti ìlú mìíràn. Ó di Olórí Alátakò. Ó jókòó ní Agodi, ó dojú kọ Awólọ́wọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín sí, wọ́n dìbò, ó pàdánù, ó lọ sílé sí Òkè Olúòkun níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń dúró dè é.

Ojú tí ó fi wo nǹkan yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé kí a gé àárín ilẹ̀ Yorùbá kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, kí ó dá dúró. Àwọn kan pè é ní ìlara. Èmi rí i bí ìṣirò: ẹni tí ilé ńlá kò gbà ń wá ilé tí ó mọ níwọ̀n ìlú rẹ̀. Ní 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀.

Kò sí láyé láti rí i. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 1958, ó ń ti Èkó bọ̀ ní ọkọ̀, ó sì kú nínú ìjàǹbá mọ́tò nítòsí Òde Rẹ́mọ. Ọdún méjìlélógójì ni. Ọ̀rọ̀ ti tàn ká ìlú pé wọ́n pa á ni, kò sì sí ẹ̀rí tí ó lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Nínú ìlú àti ní àwọn abúlé Ìbàdàn, wọ́n kọlu àwọn Ọlọ́pẹ. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fojú ba ilé ẹjọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pa kò ṣe ohun kan ju pé wọ́n di ìbò fún igi ọ̀pẹ lọ. Ìyá àgbà mi kì í dárúkọ ọ̀sẹ̀ náà. Bí a bá bi í, a ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀ẹ̀sì ni, a sì yí ọ̀rọ̀ padà.