Iyọ̀ Ojú Títì àti Alùpùpù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, tí oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, àwọn tó ń gun alùpùpù a gbé garawa, búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà jáde. Wọ́n á tú ohun tó bá ṣeé tú, wọ́n á fọ ṣéènì, wọ́n á nu irin gbogbo, wọ́n á sì fi gíríìsì sí oríkèé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò wọ́n á rò pé ọjọ́ tí alùpùpù ti dáyé ni àṣà yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé nínú àṣà náà: àkókò tí wọ́n ń ṣe é ti wà ṣáájú ogun 1939, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di dandan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di àárín 1950 sí 1970. Ohun náà ni iyọ̀. Iyọ̀ dé, ẹnikẹ́ni kò sì yí ọjọ́ ìwẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ti ń bàjẹ́ láti ìgbà náà.

Kí ogun tó dé, ẹni tó ní alùpùpù, tí kò sì pọn dandan kó fi ṣiṣẹ́, a máa gbé e pamọ́ nígbà òtútù. Á fi gíríìsì tàbí faselíìnì pa gbogbo ibi tó ń dán, á yọ bátìrì, á gbé táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, á sì da aṣọ bò ó. Nikẹ́ẹ̀lì ló ń dán lára irin nígbà náà. Kúróòmù kò gbòde títí di ìparí ẹ̀wádún 1920. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, á fi kẹrosíìnì nu gíríìsì yẹn kúrò. Ìdọ̀tí tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi síbẹ̀ ló ń fọ̀ dànù, kì í ṣe ti títì. Ẹni tó tilẹ̀ gùn ún la òtútù já, ẹrẹ̀ ló sábà máa ń bá pàdé, pẹ̀lú yanrìn àti eérú èédú tí wọ́n ń dà sórí yìnyín kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ẹrẹ̀ kò wuyì lójú, ṣùgbọ́n kì í ba irin jẹ́ kíákíá bíi ti iyọ̀. Iṣẹ́ ṣéènì nìkan ló le: wọ́n á tú u, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, wọ́n á wá sè é nínú agolo gíríìsì títí gíríìsì á fi wọnú gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀. Orí sítóòfù ilé ìdáná ni púpọ̀ nínú wọn ti ń sè é, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe òórùn ọbẹ̀.

Ní ti iyọ̀, ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà ló dán an wò lójú títì ní 1938, nígbà tó sì fi di òtútù 1941 sí 1942, ó ti sọ ọ́ di ìlànà ìpínlẹ̀. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe kò díjú. Omi lásán a máa dì ní òdo dígírì, ṣùgbọ́n omi tí iyọ̀ yó dáadáa kì í dì àfi bí òtútù bá lọ sí nǹkan bíi dígírì 21 lábẹ́ òdo. Lójú títì, agbára iyọ̀ ti ń rẹ̀yìn tipẹ́ kí òtútù tó le tó ìyẹn, àmọ́ òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà le bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Àwọn tó ń wá èédú ní Winsford, ní Cheshire, ló bá a pàdé ní 1844. Wọ́n ti ihò tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ níbẹ̀ ní 1892, wọ́n sì tún un ṣí ní 1928. Ọ̀nà márosẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ìlú nílò. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Preston kọjá ṣí ní oṣù Kejìlá 1958, M1 tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá 1959, eérú èédú kò sì ran ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òtútù ńlá ti 1962 sí 1963 dé: yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ìtura kò sì dé títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Oṣù Kìíní 1963 ló tutù jù lọ ní àárín gbùngbùn England ní ọ̀rúndún ogún. Lónìí, lọ́rì ìjọba a máa fọ́n iyọ̀ tó tó gíráàmù 10 sí 20 sórí mítà kan níbùú lóròó kí yìnyín tó mú ilẹ̀. Lọ́dún tí òtútù bá mú, gbogbo rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù méjì.

Àsìkò yìí kan náà ni alùpùpù jẹ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ náà, ẹni tó sì ń gùn ún lọ sí ilé iṣẹ́ kò lè gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́rin. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi òtútù ṣe fàájì: ìpàdé Elefantentreffen bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1956, Dragon Rally ti Wales sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Alùpùpù tó ti máa ń sùn nígbà òtútù wá wà lójú títì gan-an lásìkò tí títì ń di oníyọ̀. Síbẹ̀, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ṣì ń dúró dè kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ dáadáa, bí bàbá wọn ti ń ṣe.

Iyọ̀ nìkan kì í jẹ irin. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Winsford yẹn kan náà: inú ihò tí wọ́n ti wa iyọ̀ kúrò ni wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí, títí kan ti ilé àkójọ ìwé ìjọba, nítorí pé ibẹ̀ gbẹ. Omi ni iyọ̀ nílò, ó sì lè fúnra rẹ̀ wá a: bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà iyọ̀ ara alùpùpù tútù bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Níbi tí bóòtù onírin bá ti wọnú alumíníọ̀mù, omi iyọ̀ á sọ méjèèjì di bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa ṣòfò. Lẹ́búlẹ́bú funfun á yọ, á sì gbé ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Láti ìgbà tí Honda CB750 ti 1969 ti sọ bíréèkì dísìkì di ohun tó wọ́pọ̀, pístọ́ọ̀nù bíréèkì náà wà níta gbangba, iyọ̀ á sì mú un gan. Ìyókù ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ mọ́gáàdì, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí wáyà ti so pọ̀. Ẹni tó bá fọ ibi tójú tó nìkan, nítorí àlejò ló ṣe fọ̀ ọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé irin ti ń dípẹtà kí iyọ̀ tó dé títì. Òótọ́ ni, kódà iyọ̀ kì í ṣe àjèjì pátápátá: ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ tíráàmù ní àwọn ìlú ńlá kan a máa dà á sójú irin wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń ké nítorí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ojú irin tíráàmù kò ju òpópó mélòó kan lọ. Títì orílẹ̀-èdè odindi ni ti àwọn ọdún 1960, kò sì sí ibi tí alálùpùpù lè yà sí.

Àtakò tó le jù wá láti inú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Òtútù a máa fa iṣẹ́ ìpẹtà sẹ́yìn. Bí ooru bá dé ló ń yára. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ìgbà ìrúwé kọ́ ló yẹ láti fọ̀ ọ́, kí ooru tó jí iyọ̀? Èyí bá ilẹ̀ tí gbogbo nǹkan ti ń dì gbagidi láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì mu. Kò bá London mu, níbi tí òtútù ti ń lọ, tó ń bọ̀, tí òjò sì ń rọ̀ láàárín wọn. Gáréèjì tí wọ́n fi iná mú gbóná tún burú jù, torí ooru àti omi iyọ̀ pàdé níbẹ̀ lálaalẹ́. Ní Jámánì, láti 1997 ni òfin ti fàyè gba nọ́ńbà tó wà fún apá kan ọdún, tí ẹlòmíràn fi ń gun alùpùpù láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá nìkan. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí òun àti iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà àtijọ́ ṣì bá mu.

Wọ́n á tún ní kò sí ẹni tó lè máa fọ alùpùpù lálẹ́ nínú òtútù. Ìwẹ̀ kíkún kọ́ ni mo ń wí. Omi tútù láti inú họ́ọ̀sì tí kò le, kó ṣàn kọjá abẹ́ mọ́gáàdì àti bíréèkì, ti tó; omi gbígbóná ń mú iṣẹ́ iyọ̀ yára ni. Ẹ̀rọ tó ń fi ipá tu omi, tí Kärcher sọ di ohun ilé ní 1984, a máa ti omi kọjá rọ́bà tó ń ṣọ́ béárìn, gíríìsì á sì bá a lọ.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa ní kí ìjọba má da iyọ̀, torí ẹ̀mí ni iyọ̀ ń gbà là, ti alálùpùpù ṣáájú. Ọ̀rọ̀ mi kò kọjá ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ní 2000, nínú ẹjọ́ tó kan ìjọba ìbílẹ̀ East Sussex, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà ní ojúṣe àtúnṣe ọ̀nà kò kan yìnyín kíkó kúrò. Òfin 2003 yí ìyẹn padà ní England àti Wales, ó sì di ojúṣe ìjọba láti ṣe ohun tí agbára bá ká sí yìnyín. Òfin náà kò dárúkọ irin tí iyọ̀ ń jẹ. Ọrùn ẹni tó ń gùn ún ni wọ́n fi ìyẹn sí. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri ní London àti Manchester, ẹ má dúró de oṣù Kẹrin. Alẹ́ tí lọ́rì iyọ̀ bá ti kọjá ni kí ẹ ti da omi tútù sí i.