Ẹgbẹ́ NLC àti Ìjà Lòdì sí Gígé Ìnáwó Ìjọba ní Nàìjíríà, 1985–1988

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí SAP, orúkọ àwọn ológun àti ti àjọ ayánilówó àgbáyé, IMF, ló sábà máa ń gba iwájú. Nínú bébà yìí, ẹgbẹ́ àpapọ̀ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, NLC, ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ìjọba rí ilé ẹgbẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n kò rí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbà.

Ohun tó fa ìjà

Ọdún 1978 ni wọ́n dá NLC tuntun sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 42 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Hassan Sunmonu ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ló bí owó oṣù tó kéré jù lọ, 125 náírà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, tí gbèsè sì wọ ìjọba lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gba ìjọba. Ó ní kí ará ìlú jíròrò bóyá kí a yá owó lọ́wọ́ IMF. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó fi mọ́ NLC, ní àwọn kò fẹ́. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìjọba kéde pé òun kò ní yá owó náà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a lé jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ètò ìṣúná ọdún 1986 gé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo, jálá bẹntiróòlù tí a ń rà ní 20 kọ́bọ̀ sì di 39.5 kọ́bọ̀. Láàárín ọdún náà ni SAP bẹ̀rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní ọdún 1985 ti tó nǹkan bí náírà mẹ́rin ní 1987. Owó tó ń lọ sí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan mọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́.

Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe

Ìjà àkọ́kọ́ jẹ́ ti owó oṣù. Ní 1986, ìjọba gbé àṣẹ kan kalẹ̀ pé agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 500 kò sí lábẹ́ òfin owó oṣù tó kéré jù lọ mọ́. NLC kọ̀ jálẹ̀, ó sì halẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, títí ìjọba fi yí ọwọ́ padà. Ìṣẹ́gun gidi ni èyí.

Ìkejì ni ti ọmọlúàbí. Nígbà tí ọlọ́pàá pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní oṣù karùn-ún ọdún 1986, NLC pe ìwọ́de fún ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà. Ìjọba kó àwọn olórí rẹ̀ sí àtìmọ́lé kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìkẹta ni ti owó ìrànwọ́ orí epo. Ní ìparí 1987, NLC ń là á yé òṣìṣẹ́ pé bí owó epo bá lọ sókè, owó ọkọ̀ yóò lọ sókè, gàárì náà yóò sì gbówó lórí. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún kó Ali Ciroma, ààrẹ ẹgbẹ́, àti àwọn mìíràn sí àtìmọ́lé.

Ìjọba gba ilé ẹgbẹ́

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ẹgbẹ́ pín sí méjì níbi àpérò ìdìbò rẹ̀ ní ìlú Bìní: ìhà kan tẹ̀lé Ciroma, ìhà kejì tẹ̀lé Takai Shamang. Ìjọba fi ìjà yìí kẹ́wọ́, ó tú ìgbìmọ̀ olórí ká, ó sì yan Michael Ogunkoya ní alámòójútó. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n wọ́n fá ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba sọ epo di 42 kọ́bọ̀ ní jálá. Àfikún kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ péré ni, ó sì dájú pé wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ní Jos, ó tàn dé ìlú mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Kò sí ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn tó pàṣẹ fún wọn. Ohun tí ó hàn sí wa ni pé àlàyé tí ẹgbẹ́ ti ṣe ṣáájú ti wọ inú ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò nílò ìwé àṣẹ láti Yábàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU: ìjọba fòfin dè é ní 1988, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò kú títí wọ́n fi tú u sílẹ̀ ní 1990.

Àgbálọgbábọ̀

A kò ní sọ pé òṣìṣẹ́ borí nínú gbogbo rẹ̀. Iye epo kò padà sẹ́yìn, SAP kò sì dúró. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù kò bàjẹ́, NLC sì tún dìbò yan olórí ní oṣù kejìlá 1988, nígbà tí Paschal Bafyau di ààrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba sọ epo di 141 náírà ní jálá láti 65, àlàyé ọjọ́sí kan náà ni òṣìṣẹ́ àti ará ìlú gbé jáde. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọ̀sẹ̀ kan, epo di 97.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ kò fara sin. Bí wọ́n bá tún gé owó ilé ẹ̀kọ́, ìkéde ìyanṣẹ́lódì nìkan kò tó. Ó yẹ kí a là á yé ọmọ ẹgbẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ohun tí ìgékù náà yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tó bá gbójú lé ilé àti olórí nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ni yóò tú ká.