Ta Ni Ó Mọ Ọlájùwọ́n Ṣọ́ Jù?

Bí àwọn apẹja etí ọ̀sà ní Ìwopin bá gbé ẹja ńlá gúnlẹ̀, àwọn ọmọdé a máa bèèrè pé ta ni ó pa á. Ẹni kan a ní ẹni tí ó di okùn mú ni. Ẹlòmíràn a ní ẹni tí ó tu ọkọ̀ ni. Àgbà apẹja a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì tọ́ka sí àwọ̀n. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ó wà lórí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1963, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá jù lọ láyé. Nínú gbogbo òmìrán tí wọ́n dojú kọ ọ́, ta ni ó mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù?

Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ ọdẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹran tí ọdẹ náà bá pàdé. Nígbà tí Ọlájùwọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti àwọn Mùsùlùmí ní Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá ni ó ń gbá. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó dojú kọ alápẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980, ó wọ Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ olùkọ́ni Guy Lewis. Ní ọdún 1982, ọdún kan náà tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Bákan náà ni ó rí ní 1983 àti 1984. Ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó gbé wọ inú eré tuntun yìí. Ó lè yí sọ́tùn-ún kí ẹni tí ń ṣọ́ ọ tẹ̀ lé e, kí òun sì ti wà lápá òsì, kí bọ́ọ̀lù sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2002, àmì 26,946 ni ó ti gbà nínú líìgì NBA.

Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣọ́ ni Moses Malone. Nínú gbọ̀ngàn Fonde ní Houston, akọni yìí a máa bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wàyá ìjà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Malone jẹ́ fún un níbẹ̀. Ìyà tí ó fi jẹ ẹ́ ni ó sọ ọ́ di alágbára.

Àwọn mìíràn a dárúkọ Mark Eaton ti ẹgbẹ́ Utah, ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.24. Ní 1985, Utah lé Houston kúrò nínú ìdíje pẹ̀lú eré mẹ́ta sí méjì. Bẹ́ẹ̀ Ọlájùwọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú líìgì náà ni. Kò tọ́ kí a fi ìjàkadì ọmọdé wọn agbára àgbà.

Patrick Ewing ńkọ́? Ní 1984, ẹgbẹ́ Georgetown tí Ewing wà nínú rẹ̀ fi àmì 84 sí 75 borí Houston nínú àṣekágbá àwọn yunifásítì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún pàdé nínú àṣekágbá NBA. Ewing lu bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn ará Houston ní ìgbà 30 nínú eré méje náà. Síbẹ̀, Ọlájùwọ́n gba àmì jù ú lọ nínú gbogbo eré méjèèje, Houston sì gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú eré mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kàn-án-ǹ-kàn-án ni ti David Robinson. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù ní ọdún 1995, wọ́n sì fi ẹ̀bùn náà lé e lọ́wọ́ lójú àwọn ará ìlú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Ọlájùwọ́n gba àmì 41. Láàárín eré mẹ́fà, ó ń gba àmì 35 ó lé díẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Shaquille O'Neal, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí tí ó sì wúwo jù ú lọ, kò rí i dá dúró nínú àṣekágbá. Eré mẹ́rin sí òdo ni.

Níbi yìí ni òǹkà lásán ti lè tan ènìyàn jẹ. Ní 1987, Ọlájùwọ́n gba àmì 49 nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Seattle, síbẹ̀ Seattle ni ó borí lọ́jọ́ náà, tí ó sì lé Houston lọ ilé. Ní 1988, ó ń gba àmì 37 àti ààbọ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Dallas, síbẹ̀ Dallas ni ó borí pẹ̀lú eré mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ǹjẹ́ a lè sọ pé àwọn tí ó ṣọ́ ọ nínú ìdíje wọ̀nyí kò mọ iṣẹ́? Bí ṣíṣọ́ bá jẹ́ pé kí ẹnìkan má jẹ, wọ́n kùnà. Bí ó bá jẹ́ pé kí ilé ọ̀tá má yó, wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn pé.

Seattle ni ó wá sọ èyí di ètò. Lábẹ́ olùkọ́ni George Karl, wọn kò fi ẹni kan ṣọ́ ọ. Ẹnìkan a dúró níwájú rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà dé ọwọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn a wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ó yára ẹsẹ̀ bíi Gary Payton àti Nate McMillan a sì máa há ẹni tí ó fẹ́ jù ú sí i mọ́. Nígbà náà, òfin NBA kò gbà kí ènìyàn dúró ṣọ́ àyè lásán láìṣọ́ ẹnìkan. Létí ààlà òfin yìí gan-an ni Seattle ń rìn. Ní 1993, Seattle borí Houston nínú eré keje, 103 sí 100, lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní 1996, nígbà tí Houston ti gba ife-ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, Seattle gbá wọn jáde ní eré mẹ́rin sí òdo. Kì í ṣe pé àṣírí náà kò ní òpin: ní 1997, Houston gbẹ̀san pẹ̀lú eré mẹ́rin sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọn léraléra tó bẹ́ẹ̀. Ní 2001, NBA yí òfin náà padà, ohun tí Seattle ń fi ọgbọ́n ṣe sì di ohun tí gbogbo ènìyàn lè ṣe ní gbangba.

Nítorí náà, ìdájọ́ kò ṣòro mọ́. Kò sí ọkùnrin kan tí ó lè dá Ọlájùwọ́n ṣọ́. Àwọ̀n ni ó mú un, kì í ṣe ìwọ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ ní kíláàsì ni pé ìtàn tí a ń kọ́ ọmọ wa sábà máa ń wá orúkọ kan ṣoṣo láti gbé oyè fún: ọba kan ni ó ṣẹ́gun, jagunjagun kan ni ó gba ìlú là. A kì í bèèrè ẹni tí ó dúró níwájú, ẹni tí ó wà lẹ́yìn, àti ẹni tí ó dí ojú ọ̀nà. Àwọn ará ilé tí ó ń sọ pé kò sí ẹni tí ó lè mú ọmọ wa rò pé iyì ni àwọn ń bù fún un. Iyì tòótọ́ ni pé odidi ẹgbẹ́ kan ní láti yí ètò eré rẹ̀ po nítorí ènìyàn kan. Ọlájùwọ́n fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ olùṣọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ: ìgbà 3,830 ni ó lu bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì tí ì sí ẹni tí ó ré e kọjá nínú àkọsílẹ̀ NBA.